Bàtà gọ́ọ̀fù aláwọ: ohun tí mo ti rí lẹ́sẹ̀ ara mi

Àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù ní pápá wa n'Íbàdàn máa ń wá bá mi nítorí ọ̀pá. Èwo ni kí àwọn rà? Ṣé tòkunbọ̀ lè ṣe é? Èmi a sì kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá rin ihò 18, ìyẹn odindi eré kan, tán, tí kò gun ọkọ̀ kékeré inú pápá, ti rin nǹkan bíi kìlómítà 10, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ló sì fi wà nínú bàtà kan náà. Ìrì àárọ̀ á kọ́kọ́ rẹ bàtà ọ̀hún, oòrùn á wá gbẹ ẹ́, iyanrìn á wọ inú rẹ̀, á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí bàtà bá ti ń fún èèyàn ní ihò keje, láti ihò kẹjọ lọ ni yóò ti máa kánjú gbá bọ́ọ̀lù kó lè ráyè jókòó. Mo ti rí i lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ fíìfíì.

Bàtà tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń wọ̀ ó ti pẹ́, ni irú èyí tí àwọn àgbà ń wọ̀: awọ màlúù ni wọ́n fi ṣe òkè rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń dì í, abẹ́ rẹ̀ nípọn, ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé bàtà ọ́fíìsì ni. Òmíràn jẹ́ funfun, awọ dúdú tàbí awọ aláwọ̀ ilẹ̀ á wá gba àárín rẹ̀ kọjá. Saddle ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òmíràn ní ihò wínníwínní tí wọ́n lù sí i lórí. Àwọn mìíràn tún ní awọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé etí rẹ̀ wálẹ̀wálẹ̀, tó bo okùn mọ́lẹ̀, ìyẹn kiltie. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oge lásán ni gbogbo rẹ̀. Kiltie yẹn kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ àti koríko wọ ojú okùn. Àwọn ihò wínníwínní náà, wọ́n ní látọ̀dọ̀ àwọn ará Ireland àti Scotland ni wọ́n ti wá, àwọn tó ń rìn nínú àbàtà tí wọ́n sì fẹ́ kí omi ráyè jáde kúrò nínú bàtà wọn. Ti òde òní kì í já dé inú mọ́. Bó bá já, ìrì á sọ ìbọ̀sẹ̀ wa di omi kí a tó dé ihò kejì.

Ṣùgbọ́n abẹ́ bàtà ni mo máa ń yí sókè wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Bàtà tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́ ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí etí rẹ̀ ká, welt lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á rán awọ òkè àti ìtẹ́lẹ̀ inú pọ̀ mọ́ welt yìí, wọ́n á wá rán sóòlù mọ́ welt náà látìta. Àlàfo tó bá kù láàárín ìtẹ́lẹ̀ àti sóòlù, kọ́ọ̀kì, èèpo igi fífúyẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ni wọ́n fi ń dí i. Charles Goodyear, ọmọ Charles Goodyear tó ṣàwárí bí wọ́n ṣe ń se rọ́bà kó lè le, ló mú kí ẹ̀rọ máa rán irú bàtà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1870. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ìrán náà títí dòní. Ìlú Brockton ní Massachusetts, níbi tí iṣẹ́ bàtà ti gbilẹ̀ nígbà yẹn, ni ilé iṣẹ́ tó padà di FootJoy ti bẹ̀rẹ̀ ní 1857. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán bàtà gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń pè ní Classics, títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ Brockton pa ní 2009. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń wá Classics àlòkù kiri.

Kọ́ọ̀kì tó wà láàárín yẹn ló ń mú ìtura wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í mú un wá lọ́jọ́ kìíní. Bàtà òde òní tí wọ́n fi fóòmù ṣe abẹ́ rẹ̀ á rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, inú oníbàárà á dùn, á sanwó. Bó bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀, fóòmù náà á tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ti ń wúwo jù, kò sì ní padà sókè. Kọ́ọ̀kì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru ẹsẹ̀ àti ìwúwo ara ló máa ń rọra tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gba àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ni ín, kòtò níbi tó yẹ kí kòtò wà, òkè níbi tó yẹ kí òkè wà. Bàtà mi tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi ló tù mí lára jù. Ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tèmi wọ̀ ọ́ rí, ó ní ó ń gún òun.

Ọ̀rọ̀ ìtura nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe nígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá á á kọ́kọ́ yí ara sẹ́yìn, ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni yóò fi gbogbo agbára yí padà, ìwúwo yẹn á já lu ẹsẹ̀ òsì, á sì parí sí etí ìta àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí etí bàtà òsì bá rọ̀, yóò tẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ̀ nínú bàtà fúnra rẹ̀, orí ọ̀pá ò sì ní pàdé bọ́ọ̀lù bí a ṣe fẹ́. Sóòlù tó le, tí wọ́n rán mọ́ welt, tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbá gọ́ọ̀fù ní Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárín àwọn òkè yẹn, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń dúró sí ẹ̀bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ kan á ga ju èkejì lọ, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé mi ò ní padà sí bàtà oníṣẹ́-fóòmù mọ́, bó ti wù kó fúyẹ́ tó.

Ó sì wúwo, mi ò ní parọ́. Bàtà tí wọ́n rán, tó ní awọ gidi àti sóòlù tó nípọn, wúwo ju bàtà tí ó dà bíi ti eré ìje lọ dáadáa. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tó ń gbé àpò ọ̀pá fúnra rẹ̀ láìní kádì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó rò ó wò. Èmi gba ìwúwo yẹn, torí ẹsẹ̀ mi kì í rẹ̀ mí ní àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́.

Ìbú ẹsẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Nọ́ńbà nìkan ni a máa ń bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ fún mi ní 40." Nọ́ńbà ń sọ gígùn, kò sọ ìbú. Lórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, láti nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 8.5, ti Yúróòpù jẹ́ nǹkan bíi 6.7. Ẹni tí bàtà bá fún lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó lọ gba èyí tó fi nọ́ńbà kan gùn sí i, kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Iwájú á gùn kọjá ohun tó nílò, gìgísẹ̀ á máa yọ sókè bó bá ń rìn, ìléròrò á sì dé. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ ìbú. Nínú bàtà Amẹ́ríkà, D ni ti ọkùnrin tó wà láàárín, B ni ti obìnrin. E àti EE fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí ahọ́n bàtà gọ́ọ̀fù aláwọ tó jẹ́ ti àtijọ́, ẹ ó sábà rí lẹ́tà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Ẹsẹ̀ tèmi fẹ̀ níwájú. Bàtà gọ́ọ̀fù obìnrin tó jẹ́ B máa ń tẹ ọmọńdinrín mi mọ́ ìka kejì rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi máa bó. Nítorí náà, bàtà ọkùnrin ni mò ń wọ̀. Nọ́ńbà obìnrin fi nǹkan bíi ọ̀kan àbọ̀ ga ju ti ọkùnrin lọ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń wọ 9 obìnrin á wá 7½ ọkùnrin, D rẹ̀ á sì fún un láyè tí B kò lè fún un láé. Saddle funfun àti dúdú kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Àwọn kan sọ fún mi pé kò bójú mu. Bí mo bá wọ síkẹ́ẹ̀tì gọ́ọ̀fù mi lé e lórí, ó bójú mu gan-an ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n yín nílé kò le. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti rìn káàkiri, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi gbá gọ́ọ̀fù, ẹ dúró lórí bébà, kí ẹlòmíràn bá yín fi pẹ́ńsù lé ìlà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Ìdúró ni o, kì í ṣe ìjókòó. Ọ̀kan á sábà tóbi ju èkejì lọ. Èyí tó tóbi ni ẹ ó ra bàtà fún. Ẹ tún wo ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, ní ìdí àtàǹpàkò, ẹ wo bó ṣe jìnnà sí gìgísẹ̀ tó. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá l'Ámẹ́ríkà ní irin kan tí wọ́n fi ń wọn èyí, irin Brannock, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York ní àwọn ọdún 1920. Ohun tó jẹ́ kí irin yẹn wúlò ni pé ó ń wọn gìgísẹ̀ dé ìdí àtàǹpàkò lọ́tọ̀, ó ń wọn gìgísẹ̀ dé orí ìka lọ́tọ̀. Ẹni méjì lè ní gígùn ẹsẹ̀ kan náà kí ìka ọ̀kan gùn, kí ti èkejì kúrú. Ibi tí bàtà bá ti fẹ̀ jù gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, bàtà á máa ká ní ibi tí ẹsẹ̀ kò ti ká.

Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, ẹ di okùn rẹ̀ dáadáa. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́kù níwájú ìka tó gùn jù, torí ẹsẹ̀ máa ń yọ́ síwájú bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò fi àyè yẹn sílẹ̀, èékánná rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Kí gìgísẹ̀ jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ má kàn rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dúró bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ yí ara padà, ẹ parí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ yọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tajà lè máa wò yín tìyanutìyanu; ẹ jẹ́ kó máa wò.

Ọ̀pọ̀ wa, òkìríkà la ń rà, torí owó bàtà gọ́ọ̀fù tuntun ti kọjá àfẹnusọ. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Àwọn bàtà aláwọ tó dáa jù tí mo ti rí, láàárín òkìtì bàtà ní Kátángùà l'Ékòó ni mo ti rí wọn, àwọn tó ń tà wọ́n ò sì mọ ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dá owó lé e. Ẹ di orí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ ká a: ìdí ìka ló yẹ kó ti ká, àárín rẹ̀ kò gbọdọ̀ ká rárá, torí irin tàbí igi pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Bí àárín bá ká, irin yẹn ti ṣẹ́ tàbí kò sí níbẹ̀ rí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kó le. Ẹ wo ibi tí awọ ti máa ń sán lókè ìka: ìlà tó rọra ká kò burú, àmọ́ bí ẹ bá rí inú awọ níbi tó ti là, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó dà bí ẹni pé wọn ò wọ̀ ọ́ rí. Àwọn bàtà kan wà tí òkè wọn jẹ́ awọ, ṣùgbọ́n tí abẹ́ wọn jẹ́ polyurethane. Ohun èlò yìí máa ń jẹrà fúnra rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rárá. Bàtà náà á wà nínú páálí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ á máa dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé pápá, abẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan tí a jọ ń gbá, láàárín ìdíje, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ parí ihò tó kù. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ sóòlù náà gírígírí. Bí ó bá fi àpá sílẹ̀ tí kò kún padà, tàbí tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má rà á ní iye kankan. Bàtà tí sóòlù rẹ̀ jẹ́ awọ tàbí rọ́bà tí wọ́n rán mọ́ welt kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tó kù tí ẹ ó yẹ̀ wò ni sípáìkì, àwọn eyín kéékèèké abẹ́ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Ẹ mú sípánà sípáìkì dání lọ sọ́jà, ẹ gbìyànjú láti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára bàtà àtijọ́, irin ni ihò tí wọ́n ń dè é sí, ó sì máa ń dípẹtà. Sípáìkì tí kò bá tú lọ́jà kò ní tú nílé. Kì í sì í ṣe gbogbo sípáìkì ló ń wọ gbogbo bàtà. Ojú ìdè wọn yàtọ̀ síra, torí náà ẹ tú ọ̀kan, kí ẹ mú un dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra tuntun.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣó ti wà nínú bàtà gọ́ọ̀fù. Ní Scotland ní 1857, ọdún kan náà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ Brockton yẹn sílẹ̀, wọ́n ti ń gba àwọn tó ń gbá a nímọ̀ràn pé kí wọ́n kan ìṣó kéékèèké mọ́ abẹ́ bàtà tó nípọn kí wọ́n má baà máa yọ̀. Irin la ń lò títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọkùnrin méjì ní Boise, ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, Ernie Deacon àti Faris McMullin, ṣe sípáìkì oníke, kí àwọn tó fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù nígbà òtútù má baà fi irin ya gíríìnì, ìyẹn ibi koríko kúkúrú tó yí ihò ká. Kí ọdún 2000 tó dé, ọ̀pọ̀ kíláàbù ní Amẹ́ríkà ti fòfin de irin. Inú mi dùn sí i. Gíríìnì tí èèyàn ogójì ti fi irin gún kọjá, bọ́ọ̀lù kì í lọ tààrà lórí rẹ̀ mọ́, àti pé títí di 2019 tí wọ́n tún òfin ṣe, o ò gbọdọ̀ tún ojú ibi tí sípáìkì ti họ ilẹ̀ lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù rẹ ṣe kí o tó gbá a.

Bàtà aláìnísípáìkì náà ti dé. Ní Masters ọdún 2010, ọ̀kan lára àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù lágbàáyé, Fred Couples, agbá-gọ́ọ̀fù ẹni 50 ọdún, wọ bàtà ECCO tí kò ní sípáìkì, kò wọ ìbọ̀sẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 66 péré lọ́jọ́ kìíní, òun ló sì ṣíwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti ń wọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, mo gbà pé ó dáa láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ le tí koríko sì gbẹ. Láti oṣù kẹfà lọ, nígbà tí òjò ti rọ̀ mọ́jú tí ilẹ̀ pupa wa di yíyọ̀, mi ò gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni tó máa gun òkè. Sípáìkì oníke ni tèmi, mo sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jẹ tán, torí ọ̀nà kọnkéré tó wà láàárín pápá máa ń jẹ ẹ́ kíákíá. Bí ẹ bá ráyè rin orí koríko, ẹ má rin orí kọnkéré. Àwọn tó ń gbá ní pápá tó ṣì ń lo brown, ìyẹn iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo dípò gíríìnì, ẹ máa nu etí welt yín lẹ́yìn gbogbo eré. Epo àti iyanrìn tó bá kó sójú ìrán á máa jẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀.

Bàtà aláwọ tuntun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ìdíje lọ́jọ́ tó rà á. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ nílé fún ìdajì wákàtí, lórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù dánra wò. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ihò mẹ́sàn-án. Bí ibì kan bá ń ta yín pàtó, bíi eegun ìdí àtàǹpàkò, ẹ gbé e lọ fún ṣúmékà kó fi igi ìfẹ bàtà fẹ ibẹ̀ nìkan. Awọ gidi á gbà, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Awọ àtọwọ́dá á padà sí bó ṣe wà. Èyí jẹ́ ìdí pàtàkì tí mo fi ń tẹnu mọ́ awọ.

Ọ̀rọ̀ ṣúmékà dé. Bàbá kan wà ní Mókọ́lá tó ń bá mi tọ́jú bàtà. Nígbà tí sóòlù ọ̀kan lára wọn jẹ tán, mo gbé e lọ bá wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ṣì lè rí nǹkan ṣe sí èyí?" Wọ́n yí i sókè, wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká. "Mọ́mì, èyí tí wọ́n bá rán, ó ṣeé tú. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, bó bá ṣí lónìí, a ó lẹ̀ ẹ́, á tún ṣí lọ́la." Wọ́n tú okùn sóòlù náà, wọ́n fi kọ́ọ̀kì tuntun dí ibi tó ti jẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ rán sóòlù rọ́bà tó ní àwọn kókó gíga mọ́ welt àtijọ́ yẹn. Ihò sípáìkì bá ti àtijọ́ lọ, èyí ni wọ́n kìlọ̀ fún mi ṣáájú. Bàtà náà di aláìnísípáìkì, mo sì ń wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó iṣẹ́ wọn kò tó ìdá mẹ́wàá owó bàtà tuntun.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba àkókò, ó kàn fẹ́ ẹni tí kì í fi í jáfara. Bí mo bá dé láti pápá, aṣọ tútù ni mo fi ń nu ẹrẹ̀ kúrò, mo yọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bó bá ṣeé yọ, mo ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, mo sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ fáànù ti ń fẹ́. Kì í ṣe inú oòrùn, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì tó ń gbóná. Awọ tó rin tí a fi ooru gbẹ á súnkì, á le, á sì là. Ìwé náà, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó sùn. Bàtà méjì ni mo ń lò ní ìpààrọ̀, kí ọ̀kan lè sinmi fún ọjọ́ kan ó kéré tán, torí òógùn tó wọ inú awọ kì í gbẹ lóru ọjọ́ kan. Nígbà òjò, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á bu funfun. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, awọ á gbẹ jù, ìgbà náà ni kíríìmù awọ ṣe pàtàkì jù lọ. Àwọn kan máa ń fi òrí pa á. Èmi ò ṣe é, ó máa ń jẹ́ kí awọ rọ̀ jù, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun kan máa ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ yìí. Awọ ò jìnnà sí wa. Láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn ni awọ ewúrẹ́ pupa láti Sókótó àti Kánò ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Morocco, tí àwọn ará Yúróòpù ń rà á gẹ́gẹ́ bí awọ Morocco. Kánò ṣì ń ṣe awọ títí dòní. Àwọn tó ń ta awọ, sóòlù àti gọ́ọ̀mù kún Mushin, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bàtà rán sì pọ̀ níbẹ̀. Awọ màlúù tiwa, pọ̀nmọ́ ni a fi púpọ̀ rẹ̀ ṣe, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń wá ẹni tó máa rán bàtà gọ́ọ̀fù oníwelt kan ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìbú tó bá ẹsẹ̀ wa mu, tó sì máa fi kókó rọ́bà tó lè di ilẹ̀ pupa mú nígbà òjò sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá mọ̀ ọ́n rán, mo ti ṣetán láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sanwó, mo sì mọ àwọn obìnrin tó máa tẹ̀lé mi.

Àwọn kan wà tí mi ò ní sọ fún pé kí wọ́n ra irú bàtà yìí o. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, tí kì í mọ̀ bí nǹkan bá ń ta á, kò gbọdọ̀ wọ bàtà tó le tó ṣì fẹ́ kí a fi ọjọ́ pípẹ́ fẹ̀ ẹ́. Ìléròrò tí ẹlòmíràn máa mọ̀ lára ní ihò kẹta, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máà mọ̀ títí tó fi dé ilé, ó sì lè di egbò tí kò ní tètè jinná. Bàtà tó rọ̀, tó fẹ̀, tí kò ní ojú ìrán tó le nínú, ló bá a mu. Kó máa ti ọwọ́ bọ inú bàtà wò kó tó wọ̀ ọ́, kó máa bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo eré, kó sì fi bàtà náà han dókítà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lọ sí pápá.